Àwa Ọ̀jọ̀gbọ́n Gìtá ní Ẹgbẹ́dá

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì bá ti jẹun tán, tí àwọn tó fẹ́ kírun àlàásárì ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá, a máa ń pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ń tún fóònù àti sípíkà ṣe ní Ẹgbẹ́dá, kí a lè bá ara wa jà lórí gìtá. Nínú àwa tí à ń jà náà, kò sí ẹni tó mọ gìtá á ta. Ìyẹn ò dí wa lọ́wọ́. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù kì í gbá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n mọ ẹni tó yẹ kí kóòṣì yọ kúrò.

Alága wa jẹ́ olùkọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló fi ara rẹ̀ jẹ alága, nítorí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Igbákejì rẹ̀ ni Alájì kan tó ń ra gbágùúdá lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí wa ká, tó sì ń tà á fún àwọn tó ń yan gàrí. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ni akọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí bírò lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Èmi ni wọ́n ń pè ní Yunifásítì, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání, wọ́n á ní ìwé ti dà mí lórí rú. Bí mo bá sọ ìsọkúsọ, wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, ọ̀mọ̀wé ń sọ̀rọ̀.

Onígìtá méjì ló pín wa sí ọ̀nà méjì. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí pé àwọn ẹbí wọn ń kàwé, àwọn ọmọlẹ́yìn wọn ò sì ní sùúrù. Ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ ń sáré lórí okùn bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹnì kejì á ta ohùn kan, á dúró, á mí, ìwọ tó ń gbọ́ ọ náà á sì mí. Alága wà lẹ́yìn ẹni tó ń sáré. Alájì wà lẹ́yìn ẹni tó ń mí.

"Ẹni tó ń sáré yẹn, níbo ló tilẹ̀ ń lọ?" ni Alájì máa ń béèrè.

"Ó ń lọ síbi tí tiyín ò lè dé láéláé."

"Tèmi ti débẹ̀ kí tiyín tó jí. Ó ti jókòó, ó ti mumi, ó ń dúró dè é."

Bí ìjà yìí bá rẹ̀ wá, a óò wá ṣọ̀fọ̀ gìtá. A óò ní gìtá ti kú nílẹ̀ yìí. A óò ní kíbọọ̀dù ló pa á, nítorí pé ọmọdé kan á gbé e kalẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì kan, gìtá á dún níbẹ̀, fèrè á dún níbẹ̀, òun á sì máa fi ọwọ́ kejì wo fóònù. Alága ní ìparun ọ̀làjú ni. Alájì mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ló gbà síṣẹ́ nígbà ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì jó títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

Bàbá kan máa ń jókòó tì wá, lórí búlọ́ọ̀kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀dọ́ igi ọsàn àti ọ̀pẹ ni wọ́n ń tọ́jú nínú ọ̀rá dúdú létí títì tó lọ sí Ifẹ̀, tí wọ́n sì ń tà fún àwọn olóko. Wọ́n ti sọ fún wa rí pé àwọn bá ẹgbẹ́ olórin jùjú kan rìn nígbà èwe, pé tẹ́nọ̀ ni àwọn ń ta. A ní háà, ó dáa. A padà sídìí ìjà wa.

Ẹni tí kò bá mọ tẹ́nọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un. Nínú jùjú, gìtá kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ń dárà níwájú ni gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lẹ́yìn tó ń sọ gbólóhùn kúkúrú kan ṣoṣo, tó ń tún un sọ, tó tún ń tún un sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, bí ẹni ń lọ ata lórí ọlọ. Òun ni tẹ́nọ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Tó bá kúrò níbẹ̀, ijó á dàrú mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ ó sì rò pé bàtà yín ni. Kò sẹ́ni tó ń jà nítorí ẹni tó ń ta tẹ́nọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni bàbá gbìyànjú láti dá sí ọ̀rọ̀ wa. Alága ní kí wọ́n dákun, òun fẹ́ parí ohun tí òun ń sọ. Títí di òní, kò tíì parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lásìkò òjò, obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì béèrè bàbá. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. A mọ̀ ọ́n lójú. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Alákíá tí Alájì ti máa ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá dìde bí ẹni tí wọ́n pè ní kóòtù. Àwọn méjèèjì sún mọ́ ògiri kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, àwa náà sì yí ohùn sípíkà wálẹ̀ kí a lè gbọ́ wọn dáadáa.

Ọmọ bàbá ni. Kò tíì mọ ìrìn nígbà tí bàbá tẹ̀lé ẹgbẹ́ olórin náà lọ tí wọn ò padà wá mọ́. Lálúpọn ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà. Ní báyìí ó fẹ́ so yìgì, ààfáà sì ti bi í léèrè bàbá rẹ̀. Ààfáà ní bí bàbá bá wà láyé, òun ló yẹ kó fi ọmọ fọ́kọ. Bó ṣe wá bàbá kàn nìyẹn, lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tó sì lọ kí wọn nílé.

"Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, ẹ ní gìtá lẹ̀ ń ta," ni ó sọ. "Mo délé, mo sọ fún màmá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gìtá kẹ̀? Wọ́n ní ẹrù lẹ̀ ń bá wọn gbé. Pé ẹ̀yin lẹ máa ń gbé àpótí sínú ọkọ̀, tẹ́ ẹ máa ń gbé e jáde."

"Mo ta gìtá," ni bàbá wí.

"Ẹrù gbígbé ò burú. Èèyàn ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá parọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mi ò lè jẹ́ kó fi mí fọ́kọ. Ààfáà á bá mi wá ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ torí gìtá lẹ ṣe fi wá sílẹ̀, ó kéré tán màá mọ ohun tó wúwo jù wá lọ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ torí àpótí..."

 Bàbá ń wo ọwọ́ wọn, tí iyẹ̀pẹ̀ wà lábẹ́ èékánná.

Ẹgbẹ́ bíi tiwa kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kó panu mọ́. Alága ti dìde. "Ọmọ mi, ẹ̀rí wà! Bàbá, rẹ́kọ́ọ̀dù wo lẹ bá wọn ṣe?"

Bàbá sọ ọ́. Ẹnu yà wá. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí a ti ń fi ja ìjà wa láti bí ọdún mélòó kan ni. Nínú rẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń sáré ti sá eré tó jù. Ọ̀gá alátùn-únṣe ní in nínú fóònù rẹ̀. Ó so ó mọ́ sípíkà, orin bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọwọ́ yẹn!" ni alága pariwo.

"Ariwo ni," ni Alájì wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ariwo ni. Ẹ jẹ́ kó mí, àbí kò gbọdọ̀ mí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́," ni obìnrin náà wí, "èwo ni tiwọn níbẹ̀?"

 Mo tẹ́tí, mo dijú bí ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Alága nawọ́ sí sípíkà, ó ní èyí tó ń ṣe gbòm-gbòm yẹn ni. Ọ̀gá alátùn-únṣe ní béèsì nìyẹn. Bàbá wá fi ìka lu ògiri díẹ̀díẹ̀ bá orin náà, nígbà yẹn ni gbogbo wa tó gbọ́ ọ: ohùn wẹ́wẹ́ kan tó wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, tó ń lọ, tó ń bọ̀, tí kò wo ọ̀tún tí kò wo òsì.

Ọmọ bàbá gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. "Mo gbọ́ gìtá," ni ó wí. "Mi ò gbọ́ ẹni tó ń ta á. Ẹnikẹ́ni lè fi ìka lu ògiri. Ẹ ta á kí n rí i."

Bàbá ní àwọn ò ní gìtá. Wọn ò ní in rí. Gbogbo ohun èlò, ti ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin ni. Ọjọ́ tí ènìyàn bá kúrò lẹ́yìn ọ̀gá, ọwọ́ lásán ló ń gbé lọ sílé.

"Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀," ni alága wí, láì bi ẹnikẹ́ni léèrè, "gìtá á wà níbí. Ẹgbẹ́ yìí ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ìgbà yẹn ni àwa tí à ń ṣọ̀fọ̀ gìtá wá lọ wo òkú rẹ̀. Èmi àti Alájì kọ́kọ́ lọ sí Ajíbọ́dè, sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní onígìtá. Gìtá náà wà lóòótọ́. Ó gbé e kọ́ sára ògiri, iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù yí i ká, kò sí eruku kankan lára rẹ̀.

"O ti ń kọ́ ọ láti ìgbà wo?" ni Alájì bi í.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, sà. Orí fóònù ni mo ti ń wò ó. Mo ti dé fídíò kẹta."

"Kí ni wọ́n kọ́ ọ ní fídíò kẹta?"

"Bí wọ́n ṣe ń dì í mú, sà."

Alájì bi í pé ta ni olórí gbogbo onígìtá láyé lójú tirẹ̀. Ọmọ náà dárúkọ òyìnbó kan, ó sì fi nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa, ó ń bínú, ó ń lu tábìlì. Kò mọ̀ ọ́n ta, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n jiyàn. A sọ fún un pé àyè ṣí sílẹ̀ fún un nínú ẹgbẹ́ wa. Gìtá nìkan ni kò lè yá wa, nítorí pé ó fẹ́ fi ya fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ibi kejì tí a lọ ni ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn ọjà Ẹgbẹ́dá. Gìtá tiwọn náà wà lórí ìṣó. Ẹni tó ń ta á ti lọ sí Kánádà, okùn méjì sì ti já lára rẹ̀ láti ìgbà náà, bí ẹni pé wọ́n bá a lọ. Alága bá wa dé ibẹ̀, ó gbé kóòtù wọ̀.

"Ṣé orin ayé lẹ fẹ́ fi ta?" ni pásítọ̀ béèrè.

"Ó tì o," ni alága wí. "Iṣẹ́ ìlàjà ni, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run. Bàbá àti ọmọ."

Pásítọ̀ wo fìlà orí Alájì. "Ìjọ wo ni bàbá náà ń lọ?"

"Mọ́sáláṣí ni wọ́n ń lọ, pásítọ̀," ni Alájì dáhùn. "Ṣùgbọ́n gìtá ò mọ̀."

Pásítọ̀ gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un. Ó gbé e fún wa, ó sì kìlọ̀ pé a gbọ́dọ̀ dá a padà kó tó di ìsìn ọjọ́ Ọjọ́rú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ta á lọ́jọ́ Ọjọ́rú tàbí lọ́jọ́ kankan.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, ọ̀gá alátùn-únṣe ti so gìtá náà mọ́ sípíkà ńlá kan tí oníbàárà gbé wá fún àtúnṣe. Bàbá wọ bùbá tí wọ́n lọ̀. Wọ́n ti fi kànrìnkàn fọ ọwọ́ wọn títí ó fi pupa. Wọ́n gbé gìtá lé itan, wọ́n yí etí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n ní okùn mẹ́rin ti tó, mẹ́ta ni àwọn ń lò. Ọmọ wọn dúró ní ìdojúkọ wọn, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Kò jókòó nígbà tí Alájì gbé àga kan tí òjò ti pa wá fún un.

Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ìka wọn kò bá okùn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan jáde, èkejì ṣì í, ẹ̀kẹta dún bí ìgbà tí abọ́ bọ́ sílẹ̀. Mo rí i tí ọmọ náà wo ọ̀nà ọ̀kadà.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé," alága bẹ̀rẹ̀, "nínú ìtàn gìtá nílẹ̀ Yorùbá..."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ọmọ náà wí, "ẹ jẹ́ kí wọ́n ta á."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò gbé wọn ṣubú mọ́. Gbólóhùn kékeré náà jáde, ó lọ, ó padà, ó tún lọ. Ní ìgbà tó ti yí bíi mẹ́wàá, ara bàbá balẹ̀, èjìká wọn sọ̀kalẹ̀, wọn ò wo ọwọ́ mọ́. Ó jọ ti inú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó jọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ta ni a jẹ́ tí a ó fi búra? Àwa tí a pe béèsì ní tẹ́nọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọ náà ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú fóònù jáde, ó tẹ nọ́ńbà, ó sì tẹ ibi tí ohùn fi ń jáde sí gbangba. Ohùn obìnrin àgbà kan dáhùn.

"Màmá, ẹ gbọ́ nǹkan kan," ni ó wí, ó sì gbé fóònù náà sún mọ́ sípíkà.

A gbọ́ tí ìyá náà ní, "Kí nìyẹn?"  Adìyẹ kan ń ké níbi tó wà. Bàbá ti mọ ẹni tó wà lórí fóònù. Ojú wọn yí padà, ọwọ́ wọn sì yára sí i, gbólóhùn náà ń tẹ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ó ti ń sáré," ni ìyá náà wí níkẹyìn. "Sọ fún un kó yéé sáré. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tójú bá ti ń tì í. Ìdí tí ọ̀gá wọn fi máa ń bú u láàárín èrò nìyẹn."

Ọ̀gá alátùn-únṣe fi ọwọ́ bo ẹnu. Alájì ní "Lá ìláha ìlá Lọ́ọ̀," jẹ́jẹ́.

"Màmá," ni ọmọ náà wí, "ẹ sọ fún mi pé ẹrù ni wọ́n ń gbé."

"Ó gbé ẹrù. Gbogbo wọn ló ń gbé ẹrù, àfi ọ̀gá."

"Ẹ ò sọ gìtá."

"Kí n sọ gìtá fún ọ ṣe kí ni? Tí mo bá sọ gìtá, wàá ní o fẹ́ lọ gbọ́ ọ. Èmi náà lọ gbọ́ ọ nígbà kan." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Ìwọ ni mo gbé bọ̀ níbẹ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín wà níbẹ̀. Bàbá kò gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti rọlẹ̀. Gbólóhùn náà ti padà sí ìrìn rẹ̀.

"Ó ti bọ́ sí i báyìí," ni ìyá náà wí. "Ó dàbọ̀, mo ní nǹkan lórí iná." Ó sì pa fóònù.

Ọmọ náà fi fóònù sínú báàgì.  N kò mọ ohun tó ń rò. Kì í ṣe pé ó dárí ji ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀. Ó jọ ojú ẹni tí wọ́n gbé nǹkan lé lọ́wọ́, tó sì ń wo bó ṣe wúwo tó.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni yìgì náà," ni ó sọ fún bàbá, "lẹ́yìn ìrun, ní Lálúpọn. Ẹ̀yin lẹ máa fi mí fọ́kọ. Màmá mi á wà níbẹ̀ o. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìyẹn."

Bàbá kàn mi orí, wọ́n ń ta á lọ.

"Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mo gbọ́, ọmọ mi."

"Ẹ dá a dúró ná, ká sọ̀rọ̀."

"Tẹ́nọ̀ kì í dá ara rẹ̀ dúró," ni bàbá wí, wọ́n sì wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó pe orin ló ń dá a dúró. Ìwọ lo pè é."

Ọmọ náà wo gìtá, ó wo ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ó gbọn òjò kúrò lórí àga tí Alájì gbé fún un láti àárọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì jókòó.

"Ẹ máa ta á lọ," ni ó wí.

Alága ṣí ẹnu. Alájì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà, ó pa á dé. A jókòó síbẹ̀, a ń gbọ́ gìtá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ wa ṣe irú rẹ̀.